Ọ̀wọ̀ tí kò dé ọwọ́: ẹbí nínú fíìmù méjì tí Chie Hayakawa darí

Ìfáàrà

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí fíìmù gígùn méjì tí Chie Hayakawa, olùdarí fíìmù ọmọ Jàpáànù, ti gbé jáde: Plan 75 (2022) àti Renoir (2025). Wọ́n bí Hayakawa ní 1976. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa fọ́tò yíyà ní New York. Fíìmù kúkúrú rẹ̀, Niagara, ló kọ́kọ́ gbé e dé àjọ̀dún Cannes ní 2014, ní ìsọ̀rí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sinimá. Ní 2018, ó wà lára àwọn olùdarí márùn-ún tó ṣe Ten Years Japan, àkójọ fíìmù kúkúrú márùn-ún tí Hirokazu Kore-eda bójú tó. Èyí tí Hayakawa ṣe níbẹ̀ ló wá fẹ̀ di Plan 75. Ní 2022, Plan 75 wà ní ìsọ̀rí Un Certain Regard ní Cannes, àwọn adájọ́ Caméra d'Or, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún àkọ́ṣe fíìmù gígùn, sì dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìyìn. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà ni Renoir wọ ìdíje àgbà ní Cannes kan náà.

Ó rọrùn láti pe Plan 75 ní fíìmù òṣèlú tàbí fíìmù ọjọ́ iwájú, nítorí òfin kan tí kò tíì sí ló dá lé lórí. Ó rọrùn bákan náà láti pe Renoir ní fíìmù ìrántí ìgbà èwe. Bí a bá pín wọn báyìí, wọ́n á dà bí iṣẹ́ ẹni méjì. Ní tèmi, fíìmù ẹbí ni méjèèjì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń bi wá: kí ló kù nínú ẹbí nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ dáadáa sí ara wọn, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò na ọwọ́ sí ẹnìkejì? Àmì ohùn nìkan ló ya ọ̀wọ̀ àti ọwọ́ sọ́tọ̀ nínú èdè wa. Nínú fíìmù Hayakawa, àlàfo tó wà láàárín wọn fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀wọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ ló ṣọ̀wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni bí olùdarí yìí ṣe fi àlàfo náà ṣe ìtàn, àti ibi tí mo rò pé ọgbọ́n rẹ̀ kò tíì tó.

Ìtàn Plan 75 ní ṣókí

Ìbọn ni Plan 75 fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó pa wọ́n, ó sì pa ara rẹ̀. Ìdí tó sọ ni pé àwọn arúgbó ti di ẹrù sí orílẹ̀-èdè lọ́rùn. Hayakawa ti sọ pé ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní Sagamihara ní oṣù keje ọdún 2016, níbi tí ọkùnrin kan ti pa abirùn 19 nínú ilé ìtọ́jú wọn, wà lára ohun tó sún òun dé ìdí ìtàn yìí. Lẹ́yìn ìran àkọ́kọ́ yẹn ni a gbọ́ lórí rédíò pé àwọn aṣòfin ti fọwọ́ sí ètò tuntun kan: ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 75 lè ní kí ìjọba ran òun lọ́wọ́ láti kú. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ yóò gba yen 100,000, tó lè ná bó ṣe wù ú.

Hayakawa kò ṣàdéédéé mú 75. Láti 2008 ni Jàpáànù ti ní ètò ìṣègùn ọ̀tọ̀ fún àwọn tó ti pé ọdún 75, orúkọ tí ìjọba sì fi ń pè wọ́n túmọ̀ sí arúgbó ìgbà ìkẹyìn. Ní orílẹ̀-èdè tí nǹkan bí ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn rẹ̀ ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré.

Ẹni mẹ́rin ni fíìmù náà ń tẹ̀ lé. Àkọ́kọ́ ni Michi Kakutani, obìnrin ẹni ọdún 78 tó ń gbé òun nìkan, tó ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú àwọn arúgbóbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dá àwọn arúgbó yòókù dúró. Ilé tí Michi ń gbé ni wọ́n fẹ́ wó. Kò sí onílé tó fẹ́ gba arúgbó tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹnìkejì ni Hiromu, ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń jókòó nídìí tábìlì, tó ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ kú sílẹ̀. Ẹnìkẹta ni Yoko, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bá àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù títí ọjọ́ wọn yóò fi pé. Ẹnìkẹrin ni Maria, obìnrin ará Filipíìnì tó fi ọmọ rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ń dùn ún sílẹ̀ nílé, tó wá ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Jàpáànù.

Láti orí òkè dé ìdí tábìlì

Kò sí ará Jàpáànù tó máa wo Plan 75 tí kò ní rántí òkè Narayama. Shichiro Fukazawa kọ ìtàn náà jáde ní 1956; Keisuke Kinoshita sọ ọ́ di fíìmù ní 1958, Shohei Imamura tún ṣe é ní 1983, ó sì gba Palme d'Or ní Cannes lọ́dún náà. Ní abúlé tí oúnjẹ kò ti tó, ẹni tó bá pé àádọ́rin ọdún gbọ́dọ̀ lọ sórí òkè kó lọ kú. Orin, ìyá arúgbó inú ìtàn náà, ṣì lágbára. Eyín rẹ̀ pé débi pé ó ń tijú, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ wọn. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pọ̀n ọ́n lọ sórí òkè.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ pípọ̀n yìí. Ìtàn tó burú ni, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó burú nínú rẹ̀ ni ara ń gbé. Ọmọ náà mọ bí ìyá rẹ̀ ti wúwo tó. Ó ń làágùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ lórí àpáta. Kò lè ṣe bí ẹni pé òun kò mọ ohun tí òun ń ṣe, nítorí ohun tó ń ṣe náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mí sí i lọ́rùn. Ìkà ni àṣà yẹn, àmọ́ ẹbí ló ń ṣe é, ojú ẹbí ló sì wà níbẹ̀.

Ohun tí Hayakawa ṣe ni pé ó mú ẹ̀yìn ọmọ kúrò nínú ìtàn náà. Ó fi tábìlì rọ́pò rẹ̀. Hiromu kò pọ̀n ẹnikẹ́ni. Ó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó máa ń tẹ́tí sílẹ̀, ó máa ń fi ìwé han àgbà ibi tó máa fọwọ́ sí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìran kan wà tí wọ́n ti ń yẹ ìjókòó ìta gbangba wò, tí Hiromu wà nínú àwọn tó ń yan irin tí wọ́n máa fi dá a láàárín kí ẹni tí kò nílé má baà lè sùn lórí rẹ̀. Ojú kan náà ló fi ń ṣe iṣẹ́ yìí bíi ti gbogbo iṣẹ́ rẹ̀: ojú ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Olùdarí kò fi orin kìlọ̀ fún wa. Ó kàn jẹ́ kí a rí i pé ọwọ́ tó ń gbé ìwé sí iwájú àgbà náà ló ń yan irin.

Ọjọ́ kan, arákùnrin bàbá rẹ̀, Yukio, wá jókòó níwájú tábìlì náà. Ọjọ́ tó pé ọdún 75 gan-an ló wá. Ó ti tó ogún ọdún tí Hiromu ti rí i kẹ́yìn. Níbi yìí ni òfin ti rántí pé ẹbí wà: nítorí ìbátan ni wọ́n, wọ́n gba fáìlì náà lọ́wọ́ Hiromu, wọ́n fún ẹlòmíràn. Mo rò pé ibí yìí ni ọkàn fíìmù náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nínú gbogbo ètò Plan 75, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìjọba ka ẹ̀jẹ̀ sí, ìgbà tó sì kà á sí náà, kí ìbátan lè kúrò lọ́nà ni. Ní Narayama, ẹbí ló gbọ́dọ̀ gbé arúgbó lọ. Níbí, ẹbí ni kò gbọ́dọ̀ dá sí i.

Láti ìgbà náà ni Hiromu ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tó ti wà níwájú rẹ̀ tipẹ́. Ó rí i pé ilé iṣẹ́ tó ń kó ìdọ̀tí ló ń bá ìjọba ṣètò eérú àwọn òkú. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé Yukio lọ sí ilé ikú náà. Ó kúrò níbẹ̀, ó yí padà, ó sáré wọlé, ó bá a tó ti kú. Ó wá gbé òkú náà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Maria, sínú ọkọ̀, ó ń wá ibi tí wọ́n á ti sun ún bí ènìyàn. Ọ̀nà orí òkè ni Hayakawa tún gbà, ṣùgbọ́n ó yí i sẹ́yìn: ìbátan ló ń gbé òkú sọ̀ kalẹ̀. Ó ti pẹ́ jù. Síbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Hiromu fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ohun tó ti ń fi bíírò kọ.

Ojú tí gbogbo Jàpáànù mọ̀

Ẹni tó ṣe Michi ni Chieko Baisho, a kò sì lè sọ̀rọ̀ ẹbí nínú fíìmù yìí láìdárúkọ rẹ̀. Láti 1969 dé 2019, nínú àádọ́ta fíìmù Otoko wa tsurai yo tí Yoji Yamada dá sílẹ̀, Baisho ni Sakura, àbúrò Tora. Tora ni alárìnkiri tí kò rí ibi kan dúró sí. Sakura ni ẹni tó wà nílé, tó ń retí rẹ̀, tó ń bá a wí, tó ń fún un lóúnjẹ. Fún ọ̀pọ̀ ará Jàpáànù, Sakura ni àbúrò gbogbo ìlú. Òun ni ẹ̀rí pé bó ti wù kí ènìyàn rìn jìnnà tó, ilẹ̀kùn kan wà tí kò ní tì mọ́ ọn.

Hayakawa mú ojú yẹn, ó fi sí yàrá tí kò sí ẹni tó ń bọ̀. Tí ilẹ̀kùn bá ń tì mọ́ Michi, Sakura ni òǹwòran ń rí tí wọ́n ń tì í mọ́. Baisho fúnra rẹ̀ kò sunkún láti fa àánú. Ó ń fọ abọ́ rẹ̀, ó ń ká aṣọ rẹ̀, ó ń kí ènìyàn dáadáa. Ìwà ọmọlúàbí Michi kò yí padà bí ayé ti ń le sí i, ìyẹn gan-an ló sì ń pa á lára: ó tijú láti gba ìrànlọ́wọ́ ìjọba, kò fẹ́ da ẹnikẹ́ni láàmú. Ìtìjú Orin nítorí eyín rẹ̀ àti ìtìjú Michi, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ohùn orí tẹlifóònù

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Yoko ní fún Michi lẹ́ẹ̀kan. Bí àkókò bá pé, ó gbọ́dọ̀ gé e. Nínú ìṣẹ́jú wọ̀nyí ni Michi ti ń sọ ìtàn ayé rẹ̀, tí Yoko sì ń gbọ́. Òfin kọ̀ kí wọ́n ríra, ṣùgbọ́n Yoko gbà láti pàdé rẹ̀. Wọ́n lọ mu nǹkan, Michi sì mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù lu igi. Ọjọ́ yẹn nìkan ni a rí Michi tó ń ṣeré láàárín àwọn ọ̀dọ́, tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹnì kan jókòó tó ń wò ó.

Ẹ̀dà tí mo wò ní ìtumọ̀ Faransé nísàlẹ̀ àwòrán. Lédè Japanese, tí ènìyàn bá ń bá àgbà tàbí oníbàárà sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ máa ń yí padà láti gbé ẹni náà ga. Faransé ní vous, àwa ní ẹ. Vous kò kó gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ wa súnmọ́ ọn díẹ̀ sí i, nítorí àwa náà kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ ká má fi ohùn wa kúnlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìran tẹlifóònù yìí fi le fún ẹni tó ń sọ èdè Yorùbá láti gbọ́. Kò sí àrífín kankan nínú wọn. Gbogbo gbólóhùn Yoko ló kún fún ọ̀wọ̀. Ẹnì kan ń fi ẹ sin arúgbó lọ sí ikú.

Ibì kan wà nínú fíìmù náà tí olùkọ́ni kan ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun bí wọ́n á ṣe máa sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n mọ̀ pé àwọn arúgbó wọ̀nyí ń wá ẹni tí yóò gbọ́ tiwọn, àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn máa fẹ́ yí ọkàn padà. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ni láti rọra darí wọn kí wọ́n má baà sá. Yoko wà nítòsí tó ń gbọ́. Ó yí ojú, ó wo inú kámẹ́rà, ó ń wo àwa tí a jókòó. Kò sọ nǹkan kan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé etí tí òun fi ń gbọ́ Michi wà lára irinṣẹ́ náà.

Nígbà tí mo fi fíìmù yìí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ sọ ni pé Michi kò ní ọmọ, àti pé tó bá ní ọmọ, kò sí ohun tó máa gbé e dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá. Àwa ni a máa ń sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n fíìmù náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Yukio ní ìbátan, ìbátan náà sì wà lẹ́yìn tábìlì gan-an, síbẹ̀ Yukio kú. Nígbà tó ń kú, Michi ló dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn kejì, tí afẹ́fẹ́ ikú kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó yíjú tó rí i. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Hayakawa kò sọ pé ọmọ kò wúlò. Ohun tó ń sọ ni pé orúkọ ìbátan kì í ṣe iṣẹ́ ìbátan.

Maria, àti ohun tí fíìmù náà kò wò

Ibi tí mo ti bá Plan 75 jiyàn ni ìtàn Maria. Ìtàn rẹ̀ gbóná nínú fíìmù tó tutù. Ó ní ìjọ. Àwọn ará ìjọ náà ń kọrin, wọ́n ń dá owó jọ fún iṣẹ́ abẹ ọmọ rẹ̀. Nítorí owó náà ló ṣe gba iṣẹ́ ní Plan 75, níbi tó ti ń ṣa ẹrù àwọn òkú. Fíìmù náà fẹ́ kí a fi àwọn tó ń dá owó jọ wé àwọn tó ń yan irin fún ìjókòó, ìfiwéra náà sì mọ́lẹ̀.

Ó mọ́lẹ̀ jù. Àlejò láti orílẹ̀-èdè tí kò lówó ló wá di ẹni tó ń rántí bí a ṣe ń jẹ́ ènìyàn, kí àwọn ọlọ́rọ̀ lè rí i kọ́. Mo fura sí irú oore bẹ́ẹ̀. Maria náà wà nínú àlàfo tí fíìmù yìí ń sọ. Ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ wẹ arúgbó ẹlòmíràn nígbà tí ọmọ tirẹ̀ ń ṣàìsàn níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé; ohùn nìkan ló ń dé ibẹ̀, ohùn àti owó. Ìyẹn ni ẹ̀dà ìtàn Michi láti òdìkejì òkun, olùdarí sì fi ọwọ́ kàn án, ó sì kọjá lọ. Àwa tí a wá láti Kétu, Ṣábẹ tàbí Àjàṣẹ́, tí a ní ará tó ń ṣiṣẹ́ ní Libreville tàbí Abidjan, mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ìtàn parí sí.

Renoir: ilé tí ẹbí wà nínú rẹ̀

Ó dà bí ẹni pé Renoir dáhùn ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Níbí, ẹbí pé. Ọdún 1987 ni, ní àgbègbè Tókíyò. Fuki jẹ́ ọmọbìnrin ẹni ọdún 11. Bàbá rẹ̀, Keiji, ní àrùn jẹjẹrẹ, kò sì ní pẹ́ kú. Ìyá rẹ̀, Utako, ń ṣiṣẹ́, ó ń lọ sí ilé ìwòsàn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Hayakawa ti sọ pé bàbá òun náà ṣàìsàn jẹjẹrẹ nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ṣùgbọ́n fíìmù náà kò bẹ̀ wá pé ká káàánú ẹnikẹ́ni.

Kò sí ìjọba tó ń pa arúgbó nínú fíìmù yìí, àmọ́ ẹ wo ohun tó padà wá. Níbi iṣẹ́, wọ́n ní Utako ń le jù mọ́ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì rán an lọ síbi tí wọ́n á ti kọ́ ọ bí a ṣe ń bá ènìyàn lò. Kíláàsì ìfọhùn-dáadáa tó wà nínú Plan 75 tún dé nìyẹn. Tẹlifóònù náà tún dé: Fuki pe nọ́ńbà kan tí àwọn àlejò ti ń fi ohùn sílẹ̀ fún ara wọn, ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan pàdé níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà mú un lọ sílé rẹ̀, ewu ńlá sì ló yọ nínú rẹ̀. Ọmọ tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ nílé lọ wá ohùn níta, ohùn tó rí kò sì ní àánú.

Fuki kọ àròkọ kan ní ilé-ìwé pé òun fẹ́ di ọmọ aláìlóbìí. Olùkọ́ rẹ̀ bẹ̀rù, ó pe ìyá rẹ̀. Èmi kò rò pé ìkà ni ọmọ náà. Ó ti rí i pé òun ti ń gbé bí ẹni tí kò lóbìí, ó kàn wá orúkọ fún un. Nítorí pé àwọn àgbà kò bá a sọ òtítọ́ ikú tó ń bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí ọkàn ṣe ń bá ọkàn sọ̀rọ̀ láìlo ẹnu, àti bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ mú ènìyàn sùn kó lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó gbìyànjú rẹ̀ lára opó kan tó ń gbé ní ilé kan náà, obìnrin náà sì ṣí ikú ọkọ rẹ̀ payá fún ọmọ ọdún 11. Yuumi Kawai, tó ṣe Yoko nínú Plan 75, ló ṣe opó yìí. Mi ò rò pé ó ṣèèṣì. Ẹni tí wọ́n ń san owó fún tẹ́lẹ̀ kó máa gbọ́ tàwọn tó fẹ́ kú ló wá di ẹni tó ń sọ tirẹ̀, ọmọdé tí kò gba owó kankan ló sì jókòó tì í.

Lily Franky ló ṣe bàbá. Nínú Shoplifters tí Kore-eda fi gba Palme d'Or ní 2018, òun kan náà ni bàbá àwọn ọmọ tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀, ẹbí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kó jọ. Kore-eda gbà gbọ́ pé tí ẹ̀jẹ̀ bá kùnà, ìfẹ́ lè kọ́ ilé mìíràn. Hayakawa kò yára gbà bẹ́ẹ̀. Ó mú òṣèré kan náà, ó fún un ní ọmọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì fi àìsàn sí i lára débi pé agbára bàbá náà kò ju kó ra nǹkan fún ọmọ lọ. Ohun tó rà ni àdàkọ àwòrán Irène kékeré tí Auguste Renoir yà ní 1880: ọmọbìnrin tó jókòó jẹ́ẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan. Kì í ṣe Renoir gan-an, àdàkọ ni. Àmọ́ ohun tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ fún un ni, Fuki sì mọ iye rẹ̀.

Àbùkù fíìmù yìí ni pé ó máa ń kúrò nínú ìran kí ìran tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin orí tẹlifóònù náà ṣẹlẹ̀, ó sì lọ. A kò rí ibi tó gbà wọ inú ọmọ náà. Ẹni tó bá gbèjà fíìmù náà lè sọ pé bí ìrántí ọmọdé ti rí nìyẹn, pé ohun ńlá àti ohun kékeré dọ́gba lójú rẹ̀. Mo gbà á dé àyè kan. Ṣùgbọ́n olùdarí tó kọ́ wa nínú Plan 75 pé kí a má ṣe kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó wà nínú ewu kò yẹ kó tètè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fuki.

Ìgúnlẹ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé iṣẹ́ kan ni Plan 75 àti Renoir jẹ́. Èkíní mú ẹbí kúrò, ó fi ìjọba tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa sí ipò rẹ̀. Èkejì dá ẹbí padà, ó sì fi hàn pé àlàfo náà ti wà nínú ilé kí ìjọba tó dé. Ọdún 1987 ni Renoir; ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 nígbà náà yóò pé ọdún 75 ní 2051. Ọmọ tí kò rí ọwọ́ dì mú nínú fíìmù kejì ni arúgbó tó ń bọ̀ wá jókòó níwájú tábìlì nínú èkíní. Ní ìparí Plan 75, a gbọ́ pé ìjọba ti ń rò ó láti mú ọjọ́ orí náà wá sí 65.

Tí a bá tún padà sí òwe òkété, a ó rí i pé kò sọ pé ọmọ òkété yóò kí ìyá rẹ̀ dáadáa. Ọmú ni ó dárúkọ, ohun tí kò ṣeé fi ránṣẹ́. Lónìí, ohùn wa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí wa lójoojúmọ́ láti Kútọnù, láti Libreville, láti Paris; a ń kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, a sì ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Mi ò sọ pé ìyẹn kò dára. Àwọn fíìmù méjì yìí ní kí a mọ ohun tó jẹ́, ká má pè é ní ohun tí kì í ṣe.

Michi kò kú. Ó jáde kúrò nínú ilé náà, ó rìn dé orí òkè, ó dúró nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó sì ń kọrin ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Hayakawa kò sọ ibi tó máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà fún wa. Ilé rẹ̀ ti lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ. Kò sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí kò ṣe àwa tí à ń wò ó, ọwọ́ tiwa náà kò sì dé ibẹ̀.